Òfin, Máàkì àti Ìrìn-àjò: Àlàyé lórí Títọpa Ìdíje Júdò Àgbáyé

1.0 Ìfáàrà

Bí ènìyàn bá jókòó sí ilé rẹ̀ ní Akute, ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, tí ó sì tan ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán sí ibi tí wọ́n ti ń ṣe ìdíje júdò, yóò rí ènìyàn méjì tí wọ́n di ara wọn ní aṣọ mú lórí ẹní, ọ̀kan nínú aṣọ funfun, èkejì nínú aṣọ aláwọ̀ aró. Lójijì ọ̀kan yóò gba afẹ́fẹ́ kọjá, yóò sì fi ẹ̀yìn lélẹ̀. Adájọ́ yóò na ọwọ́ sókè, ìjà yóò sì parí, nígbà mìíràn kí ìṣẹ́jú kan tó pé. Ní ìgbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, ẹnikẹ́ni kò ní ṣubú rárá, síbẹ̀ adájọ́ yóò ní kí ọ̀kan máa lọ sílé. Ẹni tí kò mọ òfin lè rò pé ojúsàájú ni. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni kò sì ya júdò sọ́tọ̀ kúrò lára kàràté, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé nínú ìdíje júdò, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi ẹ̀ṣẹ́ tàbí ìpá lu ẹnìkejì rẹ̀.

Ohun mẹ́ta ni iṣẹ́ yìí fẹ́ ṣàlàyé. Èkíní ni bí a ṣe ń dájọ́ ìjà júdò. Èkejì ni bí a ṣe ń to àwọn eléré tẹ̀lé ara wọn káàkiri àgbáyé. Ẹ̀kẹta ni ohun tí ètò méjèèjì yìí fi hàn nípa ipò Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà nínú eré náà. Èrò tí a gbé kalẹ̀ ni pé ẹni tí ó ń wo ìjà nìkan kò tíì tọpa júdò. Ìrìn tí eléré rìn kí ó tó dé orí ẹní ni ìpìlẹ̀ ọ̀rọ̀. Ẹni tí ó bá mọ ìrìn náà ni yóò lè sọ ìdí tí ọmọ tí òbí rẹ̀ ti Áfíríkà wá fi ń gba àmì-ẹ̀yẹ lábẹ́ àsíá ilẹ̀ mìíràn.

Ó yẹ kí a kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ lórí èdè-ìperí. Ìwé èdè-ìperí Yorùbá tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ ní 1984 dá lórí ìmọ̀ èdè, lítíréṣọ̀ àti ọ̀nà ìkọ́ni. Eré ìdárayá kò sí lára ohun tí wọ́n gbé ẹrù rẹ̀. Nítorí náà, a ó lo ọ̀rọ̀ bíi mélòó kan tí a fa yọ láti inú èdè ìjàkadì: dídá-tán fún ohun tí àwọn ará Japan ń pè ní ippon, ìlàjì-dídá fún waza-ari, dídá-díẹ̀ fún yuko, àti ìkìlọ̀ fún shido.

2.0 Júdò àti ìjàkadì

Kano Jigoro ni ó dá júdò sílẹ̀ ní ìlú Tokyo ní 1882, nígbà tí ó ṣí ilé-ẹ̀kọ́ tí ó pè ní Kodokan. Ó ti kọ́ ọgbọ́n ìjà àtijọ́ ti àwọn jagunjagun ilẹ̀ Japan. Ó yọ àwọn ohun tí ó lè pa ni tàbí sọ ni di aláàbọ̀ ara kúrò nínú èyí tí a ó máa fi díje, ó sì sọ ìyókù di ẹ̀kọ́. Ìtumọ̀ orúkọ náà ni ọ̀nà pẹ̀lẹ́: pé kí ènìyàn má fi agbára ko agbára lójú, kí ó jẹ́ kí agbára ọ̀tá gbé ọ̀tá ṣubú. Yorùbá náà gbà pé ọgbọ́n ju agbára lọ. Ní 1909, Kano di ará Éṣíà àkọ́kọ́ nínú Ìgbìmọ̀ Òlíńpíìkì Àgbáyé. Àjọ Júdò Àgbáyé bẹ̀rẹ̀ ní 1951, ìdíje àgbáyé àkọ́kọ́ wáyé ní Tokyo ní 1956, júdò sì wọ Òlíńpíìkì ní 1964, ní Tokyo kan náà. Níbẹ̀ ni Anton Geesink, ará Netherlands, ti dá Kaminaga Akio lójú àwọn ènìyàn rẹ̀ nínú ìpele tí kò ní òṣùwọ̀n kílò. Láti ọjọ́ náà ni ó ti hàn gbangba pé júdò kì í ṣe ti Japan nìkan mọ́. Wọn kò ṣe é ní Òlíńpíìkì 1968, ṣùgbọ́n ó padà ní 1972. Ní 1992 ni àwọn obìnrin bẹ̀rẹ̀ sí í gba àmì-ẹ̀yẹ nínú rẹ̀.

Ojú Yorùbá kò ṣàjèjì sí irú ìjà yìí. Ìjàkadì ti wà láàrin wa tipẹ́, débi pé a kò lè sọ oríkì Ọ̀fà kí a má mẹ́nu kàn án. Nínú ìjàkadì, ẹni tí ẹ̀yìn rẹ̀ bá kanlẹ̀ ni a dá. Èyí gan-an ni ọkàn júdò. Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ mẹ́ta wà tí ó yẹ kí òǹwòran mọ̀. Èkíní, aṣọ ni ọwọ́ ń dì mú nínú júdò. Kọ́là àti apá ẹ̀wù ni eléré fi ń darí ara ẹnìkejì rẹ̀. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń pẹ́ kí wọ́n tó gbìyànjú láti da ara wọn, nítorí ẹni tí ó bá kọ́kọ́ rí ibi tí ó dára dì mú ti fẹ́rẹ̀ẹ́ borí. Èkejì, ìjà kò fi dandan parí bí ènìyàn bá ṣubú. Bí kò bá fi ẹ̀yìn lélẹ̀ dáadáa, wọ́n lè máa bá a lọ ní ìdùbúlẹ̀, kí ọ̀kan tẹ èkejì mọ́lẹ̀, kí ó fún un lọ́rùn, tàbí kí ó ká a ní ìgbọ̀nwọ́ títí yóò fi fi ọwọ́ lu ẹní pé òun ti gbà. Ẹ̀kẹta, ẹsẹ̀ lè kọ́ ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n láti 2013, ọwọ́ kò gbọdọ̀ di ẹsẹ̀ mú láti fi da ni. Ẹni tí ó bá gbé ọgbọ́n kí a gbá ni lẹ́sẹ̀ mú láti inú ìjàkadì wá sórí ẹní júdò, ìyà ni yóò jẹ.

3.0 Bí a ṣe ń dájọ́ ìjà

Ìpele kílò méje ni ó wà fún ọkùnrin, méje fún obìnrin. Ti ọkùnrin bẹ̀rẹ̀ láti kílò 60 títí dé àwọn tí ó ju kílò 100 lọ. Ti obìnrin bẹ̀rẹ̀ láti kílò 48 títí dé àwọn tí ó ju kílò 78 lọ. Ìṣẹ́jú mẹ́rin ni ìjà kọ̀ọ̀kan.

Dídá-tán ni olórí gbogbo àmì. Eléré yóò gbà á bí ó bá da ẹnìkejì rẹ̀ sí ẹ̀yìn pẹ̀lú agbára, ìyára àti ìkáwọ́; bí ó bá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ fún ìṣẹ́jú-àáyá 20; tàbí bí ẹnìkejì bá juwọ́ sílẹ̀. Bí ó bá ti rí èyí, ìjà parí. Ìlàjì-dídá ni ti ìṣubú tí ó kù díẹ̀ kí ó pé, tàbí títẹ-mọ́lẹ̀ tí ó tó ìṣẹ́jú-àáyá 10. Ìlàjì-dídá méjì di dídá-tán kan. Lábẹ́ èyí ni dídá-díẹ̀ wà, tí kò lè di ìlàjì-dídá láé, bí ó ti wù kí ó pọ̀ tó. Ìkìlọ̀ ni ti ẹni tí ó ń sá fún ìjà, tí ó ń díbọ́n bí ẹni ń kọlu ẹnìkejì, tàbí tí ó di ibi tí kò yẹ mú. Ẹni tí ó bá gba ìkìlọ̀ mẹ́ta ti pàdánù. Ìdí nìyí tí ẹni tí kò ṣubú fi lè lọ sílé.

Bí ìṣẹ́jú mẹ́rin bá pé tí wọ́n sì dọ́gba, àfikún àkókò yóò bẹ̀rẹ̀, èyí tí kò ní òpin. Ẹni tí ó bá kọ́kọ́ rí àmì kankan ni ó borí. Níbi yìí ni a ti ń mọ ẹni tí ẹ̀mí rẹ̀ gùn. Ní ìparí ìdíje àgbáyé ti 2019 ní Tokyo, ìpele kílò 63 ti obìnrin, ó ju ìṣẹ́jú 10 lọ kí Clarisse Agbégnénou ti ilẹ̀ Faransé tó borí Tashiro Miku ti Japan.

Ẹni tí ó ń tọpa eré yìí gbọ́dọ̀ mọ̀ pé òfin rẹ̀ ń yí padà, pàápàá lẹ́yìn Òlíńpíìkì kọ̀ọ̀kan. Àmì kan wà tẹ́lẹ̀ tí ó kéré ju dídá-díẹ̀ lọ. Wọ́n fa á gbo ní ìparí 2008. Dídá-díẹ̀ fúnra rẹ̀ kúrò ní ìbẹ̀rẹ̀ 2017, ó sì padà ní 2025. Ní 2017, ìlàjì-dídá méjì kò di dídá-tán. Ní 2018 wọ́n dá a padà bí ó ti wà. Nítorí náà, a kò lè fi òfin ọdún kan dá ẹjọ́ ìjà ọdún mìíràn. Ẹni tí ó bá ń fi eléré àná wé ti òní gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bèèrè pé òfin wo ni oníkálukú jà lábẹ́ rẹ̀.

4.0 Bí a ṣe ń to àwọn eléré

Orúkọ eléré kì í kàn ṣàdédé ga. Àtòjọ máàkì ni Àjọ Júdò Àgbáyé fi ń tò wọ́n. Nínú ètò tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 2017, ẹni tí ó bá gba wúrà ní Òlíńpíìkì gba máàkì 2,200. Ní ìdíje àgbáyé, 2,000. Ní ìdíje àwọn ọ̀gá tí a ń pè ní Masters, 1,800. Ní Grand Slam, 1,000. Ní Grand Prix, 700. Ní ìdíje àgbà ti kọ́ńtínẹ́ńtì, 700. Ní ìdíje kékeré ti kọ́ńtínẹ́ńtì, èyí tí a ń pè ní Open, 100.

Iṣẹ́ méjì ni máàkì yìí ń ṣe. Lákọ̀ọ́kọ́, àwọn mẹ́jọ tí ó ga jù nínú ìdíje kan ni a máa ń yà sọ́tọ̀ kí wọ́n má baà tètè pàdé ara wọn. Ẹni tí kò ní máàkì lè pàdé ọ̀gá gbogbo wọn nínú ìjà àkọ́kọ́, kí ó sì padà sílé kí oòrùn tó mú. Lẹ́ẹ̀kejì, máàkì ni ọ̀nà sí Òlíńpíìkì. Fún Tokyo 2020, tí wọ́n ṣe ní 2021, àwọn 18 àkọ́kọ́ ní ìpele kọ̀ọ̀kan ni ó wọlé tààrà. Fún Paris 2024, àwọn 17. Ẹnì kan ṣoṣo ni orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan lè mú wá ní ìpele kan. Lẹ́yìn èyí ni a ń pín ìwọ̀nba àyè fún kọ́ńtínẹ́ńtì kọ̀ọ̀kan, kí ibi kankan má baà ṣófo pátápátá.

Ẹ jẹ́ kí a wo ìṣirò náà dáadáa. Ìṣẹ́gun Open mẹ́wàá ni ó tó ìṣẹ́gun Grand Slam kan. Kì í sì í ṣe gbogbo ìdíje ni a ń kà fún eléré. Ìwọ̀nba èyí tí ó ti ṣe dáadáa jù ni. A ti ṣe Open ní Dakar àti ní Yaoundé. Ṣùgbọ́n Paris, Tokyo, Tbilisi, Tashkent, Baku àti Abu Dhabi ni orúkọ tí a ń gbọ́ bí a bá ń sọ ti Grand Slam. Eléré tí ń gbé Paris lè wọ ọkọ̀ ojú-irin lọ sí ọ̀kan nínú wọn. Ti Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà gbọ́dọ̀ wá físà, owó bàálù, ibùsùn àti olùkọ́ tí yóò bá a lọ, lẹ́ẹ̀mẹ́ta tàbí ẹ̀ẹ̀mẹ́rin láàrin ọdún kan. Máàkì ń wọn ọgbọ́n ìjà, ó sì tún ń wọn ìrìn-àjò.

5.0 Àpẹẹrẹ: Clarisse Agbégnénou

Agbégnénou ni a fi ṣe àpẹẹrẹ nítorí pé ìtàn rẹ̀ kan Tógò, tí kò jìnnà sí wa, níbi tí àwọn Ifẹ̀ tí ń sọ ẹ̀ka-èdè Yorùbá ń gbé ní agbègbè Atakpamé. A kò sọ pé ọmọ Yorùbá ni. Ọmọ Tógò ni àwọn òbí rẹ̀. Ìlú Rennes ní ilẹ̀ Faransé ni wọ́n bí i sí ní ọjọ́ 25, oṣù kẹwàá, 1992. Ìbejì ni, ọkùnrin ni ìkejì rẹ̀, oṣù wọn kò sì pé tí wọ́n fi dé ayé.

Láàrin 2014 sí 2023, ó gba wúrà àgbáyé lẹ́ẹ̀mẹ́fà ní ìpele kílò 63: ní 2014, 2017, 2018, 2019, 2021 àti 2023. Ní Òlíńpíìkì Rio 2016, Tina Trstenjak ti Slovenia borí rẹ̀ ní ìparí, ó sì gba fàdákà. Ọdún márùn-ún lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ 27, oṣù keje, 2021, àwọn méjèèjì tún pàdé ní ìparí ní Tokyo. Ìṣẹ́jú mẹ́rin kọjá láìsí àmì. Nínú àfikún àkókò ni ó ti fi ìlàjì-dídá gba wúrà. Ó tún wà nínú ẹgbẹ́ Faransé tí ó gba wúrà àjùmọ̀jà ọkùnrin àti obìnrin ní Tokyo, àti ní Paris 2024. Ó bímọ ní 2022. Kí ọdún kan tó pé, ó ti gba wúrà àgbáyé ẹlẹ́ẹ̀kẹfà rẹ̀ ní Doha ní oṣù karùn-ún, 2023.

Ẹni tí ó bá ka ìtàn yìí bí òkìkí lásán yóò rí orúkọ nìkan. Ẹni tí ó bá fi ìmọ̀ òfin àti máàkì kà á yóò rí ètò lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn tí ó forúkọ sílẹ̀ láti máa ṣe júdò ní ilẹ̀ Faransé lé ní ìdajì mílíọ̀nù. Ilé ẹgbẹ́ wà ní àdúgbò. Láti ibẹ̀ ni a ti ń ṣa àwọn ọmọ tí ó mú lọ sí ibùdó ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ńlá tí a ń pè ní INSEP, ní Paris. Níbẹ̀, ojoojúmọ́ ni ọ̀gá ń dojú kọ ọ̀gá. Nítorí pé ẹnì kan ṣoṣo ni orílẹ̀-èdè lè mú wá ní ìpele kan, ìdíje tí ó wà láàrin ilé gan-an le ju ọ̀pọ̀ ìdíje òde lọ. Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde.

6.0 Ipò Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà

Láti 1964 títí dé Paris 2024, àmì-ẹ̀yẹ júdò mẹ́rin ni Áfíríkà rí gbà ní Òlíńpíìkì. Mohamed Ali Rashwan ti Íjíbítì gba fàdákà ní Los Angeles ní 1984, nínú ìjà tí ó bá Yamashita Yasuhiro ti Japan jà, ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti farapa ṣáájú. Ní Beijing ní 2008, Amar Benikhlef ti Àlùjíríà gba fàdákà, Soraya Haddad ti Àlùjíríà kan náà àti Hesham Mesbah ti Íjíbítì sì gba idẹ. Àríwá Áfíríkà ni gbogbo wọn ti wá.

Ẹ wá fi èyí wé ìpele kílò 63 ti obìnrin ní Paris 2024. Andreja Leški ti Slovenia ni ó gba wúrà. Prisca Awiti Alcaraz, tí baba rẹ̀ jẹ́ ọmọ Kenya tí ìyá rẹ̀ sì jẹ́ ọmọ Mexico, gba fàdákà fún Mexico. Agbégnénou jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn méjì tí ó gba idẹ. Nínú àwọn mẹ́rin tí ó gun àtẹ̀gùn ẹ̀yẹ, àwọn méjì ni ẹ̀jẹ̀ Áfíríkà wà lára wọn, síbẹ̀ kò sí àsíá Áfíríkà kan tí a ta.

Àwọn kan lè sọ pé olè ni wọ́n jà wá. Ọ̀rọ̀ náà kò rí bẹ́ẹ̀, ohun tí a sì lè rí ní Akute lè là wá lọ́yẹ. Ní Akute ni a ti ń fa omi odò Ògùn lọ sí ibi ìsẹ́mi ní Àdìyàn àti ní Ìjú, kí ó tó máa lọ sí ilé àwọn ará Èkó. Ohun tí ó sọ omi odò di omi ẹ̀rọ ni páìpù, ẹ̀rọ àti òṣìṣẹ́ tí ó wà ní ìdí rẹ̀. Ibi tí a ti pọn ọ́n nìkan kò tó. Bákan náà ni ti eléré. Ẹ̀jẹ̀ Tógò kò fún Agbégnénou ní máàkì kan; ilé ẹgbẹ́, olùkọ́, alábàáfigagbága àti owó ọkọ̀ ni ó gbé e dé ibi tí ó dé. Ilẹ̀ Faransé ni ó bí i, òun ni ó sì kọ́ ọ. Ìbéèrè tí ó tọ́ sí wa ni pé páìpù tiwa dà.

Àpẹẹrẹ kan wà ní ilé tí ó fi hàn pé ìbéèrè náà ní ìdáhùn. Daniel Igali, ọmọ Ìjọ̀, kó àwọn oníjàkadì Nàìjíríà lọ sí ìdíje Commonwealth ní Victoria, ní Kánádà, ní 1994. Ó dúró sí ọ̀hún, ó sì gba wúrà Òlíńpíìkì fún Kánádà ní Sydney ní 2000. Lẹ́yìn náà, ó padà wá, ó sì di ààrẹ àjọ ìjàkadì Nàìjíríà. Lásìkò rẹ̀ ni Ọdúnayọ̀ Adékúoròyè gba wúrà Commonwealth ní 2014, 2018 àti 2022, tí ó sì gba fàdákà àgbáyé ní 2017. Lásìkò rẹ̀ kan náà ni Blessing Oborududu gba fàdákà ní Òlíńpíìkì Tokyo, ní ọjọ́ 3, oṣù kẹjọ, 2021, àmì-ẹ̀yẹ ìjàkadì àkọ́kọ́ tí Nàìjíríà gbà níbẹ̀. Ìmọ̀ tí ọkùnrin náà kó bọ̀ láti òkèèrè kò bá a kú sí ọ̀hún.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò parí síbẹ̀. Ìjàkadì wà nínú ìdíje Commonwealth ní 2010, 2014, 2018 àti 2022 láìdáwọ́ dúró. Júdò kò rí bẹ́ẹ̀; ọdún mẹ́rin péré ni ó fi gba àyè àmì-ẹ̀yẹ níbẹ̀ títí di 2022, ìyẹn 1990, 2002, 2014 àti 2022. Nínú ètò tí wọ́n là sílẹ̀ fún Glasgow 2026, júdò wà níbẹ̀, ìjàkadì kò sí. Ilẹ̀kùn tí àwọn obìnrin wa ń gbà wọlé ni wọ́n tì yìí, tí wọ́n sì ṣí èyí tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹni tí ó mọ ìjàkadì kò jìnnà sí júdò, ṣùgbọ́n aṣọ dídìmú àti òfin ẹsẹ̀ kì í ṣe ohun tí a ń kọ́ ní ọ̀sẹ̀ kan.

7.0 Àgbálọgbábọ̀

Iṣẹ́ yìí ti ṣàlàyé pé ìdájọ́ júdò ní ètò tí ó yé ni, pé àtòjọ máàkì ni ó ń gbé eléré sókè tàbí tí ó ń dá a dúró, àti pé máàkì náà ń wọn ìrìn-àjò bí ó ti ń wọn ọgbọ́n. Ẹni tí ó bá fẹ́ tọpa ìdíje júdò àgbáyé gbọ́dọ̀ mọ òfin ọdún tí a ń jà, kí ó mọ máàkì tí ìdíje náà ń fúnni, kí ó sì bèèrè ọ̀nà tí eléré kọ̀ọ̀kan gbà dé ibẹ̀.

Iṣẹ́ ṣì kù fún àwọn onímọ̀ èdè. Ọ̀rọ̀ mẹ́rin péré ni a dábàá níhìn-ín. Orúkọ ọ̀nà ìdáni lórí ẹní pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì. Bí a bá rí èdè tí a fi lè ròyìn ìjà náà fún ọmọdé ní Akute lórí rédíò, tí ó sì mọ ìdí tí adájọ́ fi na ọwọ́ sókè, ó ṣeé ṣe kí ọmọ náà bèèrè ibi tí wọ́n ti ń kọ́ ọ. Ó yẹ kí ìdáhùn sí ìbéèrè rẹ̀ wà ní ìtòsí ilé.